Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Fọwọ́ Kan Dùùrù Bàbá?

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Ẹ kú àárọ̀ o, bí ilẹ̀ bá mọ́ ire lọ́dọ̀ yín. Lọ́dọ̀ tiwa, kò mọ́ ire. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n pè yín lórí fóònù dípò kí n máa kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Mi ò ní pè. Lórí fóònù, ẹ máa sunkún, èmi náà á wá dákẹ́, ìbínú mi á sì ṣòfò. Nínú lẹ́tà, mo lè bínú parí.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ. Ta ló ní kẹ́ ẹ wọ inú kọ̀ǹpútà mi?

Mo tan án láàárọ̀ yìí kí n tó lọ mú Bàbá wá sí yàrá ìgbohùn mi. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Mo ní bóyá ojú tèmi ni. Mo ṣí orin tí à ń ṣe lọ́wọ́, ohùn Bàbá wà níbẹ̀ pé, àmọ́ ojú ìlà dùùrù inú kọ̀ǹpútà ti pupa. Mo tẹ dùùrù, fèrèsé rẹ̀ yọ sí mi. Mo fi máòsì tẹ ibì kan, ibòmíràn ló dáhùn. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnì kan kí n fi hàn pé láísẹ́ǹsì dùùrù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ bọ́tìnì, òkè bọ́tìnì ló mì. Mo tẹ òkè, ìsàlẹ̀ ló mì. Mo bá a jà títí ọwọ́ mi fi ń làágùn. Dùùrù ò dún.

Bàbá ti jókòó sídìí máíkì, ó ti de ẹ́rípíìsì mọ́tí. Ó bi mí kí ló ṣe dùùrù. Ẹ mọ̀ pé káfíńtà ni, kò fẹ́ràn àlàyé gígùn. Mo ní, "Bàbá, dùùrù yìí, èdè Windows nìkan ló gbọ́. Kọ̀ǹpútà wa, èdè Linux ló ń sọ. Ògbufọ̀ kan ló jókòó sáàárín wọn, afárá kan sì wà tí ògbufọ̀ ń gbà kọjá. Gbogbo wọn ti mọwọ́ ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi wá wọlé láti òkèèrè, ó lé ògbufọ̀ àtijọ́, ó gba tuntun tí afárá ò mọ̀ rí."

Bàbá ní, "Ṣé ògbufọ̀ àtijọ́ ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

Mo ní kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Kí ló wá dé?"

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ń bi yín, kí ló dé? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fi Linux sínú kọ̀ǹpútà yẹn, torí èyí tí wọ́n pa tì níbi iṣẹ́ yín ni, ara rẹ̀ ò sì gba Windows tuntun mọ́. Mi ò ráhùn nígbà yẹn. Mo jókòó, mo kọ́ ọ. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ètò tí wọ́n ṣe fún Windows wọlé, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú kí ògbufọ̀ àti afárá fẹnu kò. Ṣé ó wá yẹ kí ẹnì kan jókòó síbi tí mi ò mọ̀, kó máa sọ gbogbo rẹ̀ di tuntun?

Ohun tí mo fẹ́ kọ báyìí, Bàbá ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Mo ti pa á mọ́ títí. Ọwọ́ yín ló tú u. Ikọ́ Bàbá kì í ṣe ti òtútù. Nǹkan kan hù sí i nínú gògóńgò, jẹjẹrẹ ni wọ́n pè é. Ní ogúnjọ́ oṣù yìí, dókítà máa yọ gògóńgò náà kúrò pátápátá. Dókítà ní ó máa yè, mo sì gba dókítà gbọ́. Àmọ́ ohùn yẹn kò ní sí mọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: lẹ́yìn ogúnjọ́, kò sẹ́ni tó máa tún gbọ́ ohùn Bàbá láyé.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba orin rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo orin tó máa ń kọ nídìí tábìlì iṣẹ́ tó bá ń fi ìfági fá pákó. A ti gbà wọ́n tán, ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn, kò gbà kí n fi ohùn míràn tì í lẹ́yìn àfi dùùrù yẹn, torí ó ní ó jọ èyí tí Màmá máa ń tẹ̀ nílé ìwé abúlé wa. Ẹ̀yin náà lẹ wá a rí, ẹ̀yin náà lẹ fi ránṣẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ létí kó tó lè kọrin náà. Orin tó ṣe nígbà tí ẹ lọ ni. Ó ní ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ àfi tó bá pé.

A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ lo ọwọ́ òsì, ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí lẹ nà wọlé.

Mo ti fa okùn íńtánẹ́ẹ̀tì yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Mo ti yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà. Fóònù ni mo fi ń kọ èyí.

Èmi àbúrò yín tí ẹ máa ń pè ní Olóríkunkun.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹsàn-án

Olóríkunkun,

Mo kí ọ. Bá mi kí Bàbá, tó bá jẹ́ pé o máa jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán ọ. Inú yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà rẹ. Orí ìdúró ni mo ti kà á tán, oúnjẹ mi tutù síwájú mi, ẹni tó jókòó nítòsí mi bi mí bóyá ẹnì kan kú.

Ìwọ ló yẹ kínú bí ni, àbí èmi?

Oṣù tó kọjá, mo bi ọ́ kí ló ń ṣe Bàbá tí kì í gbé fóònù mi. O ní òtútù mú un, ohùn rẹ̀ há. Mo tún bi ọ́ kí lò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. O ní o ò fi ṣe nǹkan kan, oníbàárà ò wá, eruku ló ń bò ó. Ẹnu rẹ lo fi sọ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ la máa ń sọ di tuntun, kí aláìdáa má bàa rí ihò gbà wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́: mo jókòó síbi kan, mò ń tún kọ̀ǹpútà ibòmíràn ṣe. Mo fi ìsinmi mi ṣe tìrẹ. Oore ni mo ṣe. Irọ́ tí o pa ló sọ oore náà di ibi. Tí o bá ti sọ fún mi pé Bàbá ń kọrin sínú rẹ̀, mi ò ní fi ìka kan án, ńṣe ni ǹ bá dúró ṣọ́ ọ.

Jẹjẹrẹ. Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn, o kọ́kọ́ ráhùn nípa máòsì tán kí o tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi. Ṣé ọmọ àlè ni mí nínú ilé yẹn ni? Wọ́n fẹ́ yọ gògóńgò bàbá mi, dókítà mọ̀, o mọ̀, kò sí àní-àní pé onífóònù tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lódìkejì ọ̀nà náà mọ̀. Èmi ọmọ rẹ̀ àkọ́bí nìkan ni kò yẹ kó gbọ́. Tó bá wá kú sórí tábìlì dókítà ńkọ́? Ṣé orin lo máa fi ránṣẹ́ sí mi?

Ohun mẹ́ta ni mo ń fẹ́. Ki okùn padà bọ kọ̀ǹpútà, kí o sì fún mi ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, màá tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbé fóònù fún Bàbá. Kí o sì fi orin kan, ẹyọ kan péré, ránṣẹ́ sí mi kí n fi mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ṣì wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìrònú. Mo jẹ́ iṣẹ́ yín fún Bàbá, mo sì jẹ́wọ́ fún un pé mo ti sọ fún yín. Ó ní òun náà kí yín.

Mi ò ní ki okùn bọ̀ ọ́. Ẹ fẹ́ tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, àmọ́ ìgbà tí ẹ bà á jẹ́ náà, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Mi ò sọ pé ẹ ò mọ iṣẹ́ yín. Ohun tí mo sọ ni pé ẹ ò sí níbí. Tí nǹkan bá tún yí padà lọ́wọ́ yín, ẹ máa ní "pẹ̀lẹ́" láti òkèèrè, èmi ni màá dojú kọ Bàbá.

Ní ti irọ́, mo gbà pé mo pa á. Bàbá ló ní kí n pa á. Ohun tó bá ní kí n bò ni mo máa ń bò. Ká ní ẹ̀yin lẹ ní kí n bo nǹkan mọ́ ọn lójú, màá bò ó bákan náà, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti bò ó fún yín kẹ́ ẹ tó lọ.

Ní ti fóònù, mo gbé e fún un. Ó wò ó títí, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Ohùn mi ti dà bí ayùn tó kọlu ìṣó. Tó bá gbọ́ ọ báyìí, èyí ló máa fi rántí mi." Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju ìyẹn lọ. Kò bẹ̀rù ọ̀bẹ dókítà. Ó tilẹ̀ fi ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ṣebí àwọn àgbà ti sọ ọ́, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, pé àwọn dókítà kàn fẹ́ pààrọ̀ ilẹ̀kùn ni. Láàárọ̀ nìkan ni ohùn rẹ̀ máa ń dà bí ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti di ọ̀sán, ó ti lọ. Lójoojúmọ́ ló sì ń kéré sí i.

Mo ti gbìyànjú. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo ní kí afárá tún gbogbo ohun tó mọ̀ kà, ó kà á, kò yí padà. Mo pe onífóònù òdìkejì ọ̀nà, ẹni tí ẹ sọ pé ó mọ̀, ó sì mọ̀ lóòótọ́. Ó wo kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wo òkú ẹran. Ó ní kí n sọ Linux nù, pé òun ní Windows kan lápò tí kò béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun á sì fi dùùrù tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kún un. Mo ní a kì í lo ohun tí wọ́n jí nílé wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Linux ló máa gbà mí là ni. Bàbá gbọ́ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó jáde tòun ti ìfági lọ́wọ́, ó fi ohùn tó kù fún un sọ fún onífóònù pé, "Ohùn tí mo fẹ́ fi sílẹ̀, mi ò ní fi sínú àpótí olè." Onífóònù gbé báàgì rẹ̀.

Torí náà, ẹ kọ ọ́ fún mi. Ẹ kọ ohun tí mo máa ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kọ ọ́ fún ọmọ ilé ìwé abúlé. Ilé ìwé abúlé ni mo lọ, ẹ̀yin lẹ lọ sí ti ìlú ńlá. Mi ò ráhùn ìyẹn náà. Àmọ́ mi ò gọ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ dáadáa, màá ṣe é dáadáa.

Ní ti orin kan tí ẹ ní kí n fi ránṣẹ́, Bàbá ní rárá. Ó ní òun kì í kó àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò pé jáde nínú ṣọ́ọ̀bù.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àìfèsì.

Mo rò pé ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí. Ṣé torí mo kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún yín lẹ ṣe dákẹ́ ni? Tó bá jẹ́ ìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyẹn ni, kí n lè mọ irú èèyàn tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá ń jí ní ìdájí, ó ń wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó ń wá jókòó sídìí máíkì. Kò ní ká fi í sílẹ̀ lónìí. Kò bi mí bóyá ẹ ti fèsì. Á jókòó, á wo ojú mi, á sì dìde lọ sídìí pákó rẹ̀. Lánàá, ó gbìyànjú láti kọ orin náà láìsí dùùrù. Ó kọ ìlà kan, ohùn ya mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní òun ò mọ ibi tí òun á gbé ẹsẹ̀ lé.

Tí ẹ bá ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí ẹ ń ṣe yìí ni ẹ̀ṣẹ̀.

Mi ò kọ orúkọ sí i. Ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án

Olóríkunkun,

Mo kí ọ, mi ò kú. Mo dákẹ́ torí mi ò fẹ́ kọ ohun tí mi ò tíì fọwọ́ ara mi dán wò. O ní mi ò sí níbẹ̀, òótọ́ lo sọ, ó sì dùn mí wọ egungun. Mo wá lọ síbi tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà tí wọn ò lò mọ́ sí níbi iṣẹ́ wa, mo rí ìbejì tìrẹ nínú páálí, mo tọrọ rẹ̀. Mo gbé e wá sí yàrá mi, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé e lé torí mi ò ní tábìlì. Mo fi Linux sí i bí mo ṣe fi sí tìrẹ. Mo fi ògbufọ̀ àtijọ́ sí i, mo fi afárá sí i, mo gba dùùrù wọlé. Dùùrù dún. Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ba tìrẹ jẹ́. Mo tẹ bọ́tìnì, òkè bọ́tìnì ló mì.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí Bàbá jókòó wò láàárọ̀ yẹn.

Gbọ́ mi dáadáa. Ògbufọ̀ àtijọ́ ò lọ ibì kan. Kọ̀ǹpútà kì í tètè ju ohun àtijọ́ nù, ó ní àká kan tó máa ń tì í sí. Mo ti kọ ọ̀nà àká náà sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí pẹ̀lú àwọn àṣẹ tí o máa tẹ̀, má fi àmì kan sílẹ̀. Mú tuntun kúrò, gbé àtijọ́ jáde, fi í sípò. Má fọwọ́ kan fódà tí dùùrù ń gbé. Tó bá ti wà nípò, so ó mọ́lẹ̀: àṣẹ kẹ́yìn yẹn máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé kò gbọdọ̀ fi tuntun rọ́pò rẹ̀ mọ́, bí èmi tilẹ̀ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Tí fèrèsé láísẹ́ǹsì bá tún ń yọ ọ́ lẹ́nu, má fi máòsì bá a jà. Tẹ Tab títí bọ́tìnì tó yẹ á fi tàn, kí o wá tẹ Enter.

Ibì kan ló le. Láísẹ́ǹsì fẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀. O máa ní láti ki okùn bọ̀ ọ́. Mi ò ní wọlé. Mi ò lè fi nǹkan kan búra fún ọ tó ju ohùn Bàbá lọ, nítorí náà ohun tí mo fi búra nìyẹn.

Mo rò ó wò bóyá kí n gba ohùn dùùrù náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí n fi ránṣẹ́ kó lè kọrin lé e lórí. Tí o bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, sọ fún mi.

Mo béèrè ìsinmi kí n lè wálé. Ọ̀gá mi ní tí mo bá lọ báyìí, kí n má padà. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní gbogbo èèyàn ló ní bàbá. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Mo ṣì ń bínú sí ọ. Má rò pé ó ti tán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú làálàá, àmọ́ mi ò ní kí yín kú iṣẹ́. Ẹni tó wó ògiri tó sì tún un mọ, gbèsè ló san, kò fún wa lẹ́bùn.

Mo tẹ gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè. Ògbufọ̀ àtijọ́ wà nínú àká lóòótọ́. Mo gbé e jáde, mo fi í sípò, mo so ó mọ́lẹ̀. Mo ki okùn bọ kọ̀ǹpútà, mo jókòó tì í bí ajá tó ń ṣọ́ ilé. Ẹ ò wọlé. Mo tẹ Tab, bọ́tìnì tàn, mo tẹ Enter. Mo fa okùn yọ. Nígbà tí dùùrù dún, Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ̀rọ tí ohùn ń gbà jáde, kò gbé e kúrò títí mo fi dáwọ́ dúró.

Ó jókòó, ó kọrin. Ìlà àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó dé ibi tí orin ti gòkè, kò lè gòkè mọ́. Ohùn tó ń fi gun ibẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ti lọ láàárín ìgbà tí dùùrù fi dákẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Ìgbà tí à ń bára wa jà yẹn ni ohùn yẹn lọ. Ó gbìyànjú títí, ó bọ́ ẹ́rípíìsì sílẹ̀, ó ní, "Dùùrù yìí ga jù mí lọ, ọwọ́ mi ò tó o mọ́." Ó lọ sídìí pákó rẹ̀, ó ń fá a bí ẹni tí pákó ṣẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ dùùrù tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ti gan, tí mo bá fà á wálẹ̀, ohùn rẹ̀ á há. Èyí tó wà láàyè nínú kọ̀ǹpútà, mo lè ní kó tẹ gbogbo rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, á sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀. Mo ti fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tún fà á wálẹ̀. Lọ́la, a máa tún un ṣe. Tí kò bá bọ́ sí i, mi ò mọ ohun tí màá fi bínú sí yín mọ́.

Ọ̀gá yín yẹn, ẹ sọ fún un pé òótọ́ ni gbogbo èèyàn ní bàbá. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo bàbá ni wọ́n fẹ́ yọ ohùn rẹ̀ ní ogúnjọ́.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìdúró. Ó ti pé.

Àná ni. Mo ti ilẹ̀kùn tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún yàrá ìgbohùn, mo fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ariwo ọ̀nà má bàa wọlé. Mi ò sọ fún un pé mo ti fa dùùrù wálẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó yíjú wò mí, ó mọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdúró. Ẹ ó gbọ́ ọ, àmọ́ kẹ́ ẹ má bàa sọ pé etí yín ló tàn yín, mo kọ ibi tó ti gòkè yẹn síbí:

Mo kan ilẹ̀kùn, mi ò kan kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn,
torí ọmọ tó jáde kò mú kọ́kọ́rọ́ lọ.
Bó bá dàárọ̀, bó bá dalẹ́,
kó ṣí ilẹ̀kùn, kó wọlé.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní Bàbá ò kan kọ́kọ́rọ́ mọ́ ilẹ̀kùn, èmi àbúrò ni mo kan án mọ́ kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ló kọ orin, èmi ni mò ń ṣọ́ ilé.

Mo ti sọ gbogbo orin náà di ohùn lásán, mo sì fi wọ́n sísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Kò sí Windows nínú wọn mọ́, kò sí Linux, kò sí ògbufọ̀, kò sí afárá. Ibi yòówù kẹ́ ẹ ti ṣí i, ó máa dún. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ ọ́ di tuntun mọ́.

Ohun kan kù. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé ikọ́ àti ìdákẹ́jẹ́ kúrò níparí orin. Mi ò gé tèyí. Nígbà tí Bàbá kọrin tán, ó húkọ́, ó mu omi, ó bi mí bóyá ẹ̀rọ ṣì ń gbà á. Mo ní ó ń gbà á. Ó wá sún mọ́ máíkì, ó ní:

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ, mo gbọ́ pé ó fọwọ́ kan dùùrù mi. Tó bá tún fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó gbé ọwọ́ náà wá."

Ohùn ayùn tó kọlu ìṣó ló fi sọ ọ́. Ó mọ̀ pé ẹ máa gbọ́ ọ, ó sì ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Olóríkunkun,

Mo gbọ́ ọ. Lẹ́tà náà ò gbà mí lọ́wọ́ ẹkún, torí náà o lè máa pè mí lórí fóònù láti òní lọ.

Ohùn ìkẹyìn yẹn ni mò ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́, kì í ṣe orin. Mo ní kí n dín ariwo tó wà lábẹ́ rẹ̀ kù, ọwọ́ mi ti dé orí rẹ̀, mo gbé e kúrò. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

O ò gbọdọ̀ tún pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́ láyé, Bàbá ì báà fi gbogbo ẹnu pàṣẹ rẹ̀ fún ọ. Èmi náà kò ní wọ ibi tí wọn ò pè mí sí mọ́. Ọ̀gá mi ń dúró de èsì mi. Ìwé tó jẹ́ kí n máa gbé níbí, ẹsẹ̀ iṣẹ́ yìí ló fi dúró. Tí iṣẹ́ bá lọ, ìwé lọ. Má bú mi. Mo ń rò ó.

Jókòó tì í lọ́la. Má kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ewu. Ó yè. Mo ti sọ fún yín lórí fóònù, mo sì dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ pé màá ṣe, torí náà mo tún mú lẹ́tà.

Ihò kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀ tó fi ń mí. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì. Nọ́ọ̀sì fún un ní pátákó kékeré àti ohun ìkọ̀wé kan tó ń rùn, kó máa fi kọ ohun tó bá fẹ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀, ibi tó máa ń ki pẹ́ńsùlù káfíńtà sí. Mo ti mú un dání. Mo sì ti mú pákó kan dání, èyí tó fá lọ́jọ́ tí dùùrù ga jù ú lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ sára pákó náà ni: Ọwọ́ dà?

Nọ́ọ̀sì rò pé ọwọ́ tí wọ́n ki abẹ́rẹ́ omi bọ̀ ló ń béèrè. Ó gbé e sókè fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Bàbá, òun rèé, kò ṣe é ní nǹkan kan." Bàbá gbọn orí. Ó na pẹ́ńsùlù sí ìbéèrè náà, ó wò mí.

Mo mọ ọwọ́ tó ń béèrè. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó tún na pẹ́ńsùlù sí i. Lónìí náà, ó tún nà án. Kò kọ ohun míràn títí di ìsinsìnyí, omi tó bá fẹ́ mu, ìka ló fi ń tọ́ka sí i.

Mi ò ní dá a lóhùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dáhùn fún yín nílé yìí. Mo gbé pákó náà wálé lálẹ́ yìí, mo gbé e lé orí kọ̀ǹpútà nínú yàrá ìgbohùn, mo dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀kùn, kó lè jẹ́ òun ni ẹni tó bá wọlé máa kọ́kọ́ kà. Dùùrù wà nípò rẹ̀. Ògbufọ̀ rẹ̀ wà ní síso.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun, mi ò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ wá gbà á lẹ́nu mi.

Àbúrò yín, Olóríkunkun.